FÍFI FÓLTÌ DARÍ Ẹ̀RỌ OHÙN: OHUN TÍ GÁNGAN KỌ́ MI

   

Nígbà tí ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò ìwé yìí ní kí n kọ nǹkan lórí ìmọ̀ ẹ̀rọ, iná oòrùn ni mo kọ́kọ́ fẹ́ kọ nípa rẹ̀, nítorí pé òun ló wà lẹ́nu gbogbo ilé. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tó ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ọdún tó kọjá, mo sì rí i pé ibí yìí gan-an ló yẹ kí n ti sọ ọ́.

Gbogbo wa la mọ Bàbá tí wọ́n máa ń fi gángan kí wa wọlé sí ìpàdé ọdún. Àìsàn rọpárọsẹ̀ kọ lù wọ́n. Ọlọ́run yọ wọ́n. Wọ́n ń rìn díẹ̀díẹ̀, ọ̀rọ̀ sì já gaara lẹ́nu wọn, ṣùgbọ́n apá òsì wọn kò padà bọ̀ sípò. Nígbà tí mo lọ kí wọn nílé, mo rí gángan wọn lórí ìṣó lára ògiri. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ọwọ́ ọ̀tún yín ṣì le koko. Ẹ ṣì lè lù ú.” Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, “Àbúrò, ọwọ́ ọ̀tún ló ń lù, apá òsì ló ń sọ̀rọ̀. Èyí tó ń sọ̀rọ̀ ló ti lọ.”

Mo gbé ọ̀rọ̀ yẹn délé. Ó ṣe kòńgẹ́ pé ẹ̀rọ kan wà lórí tábìlì mi nígbà náà tó ní irú àìsàn kan náà: ó mọ bí a ti ń lù, kò mọ bí a ti ń sọ̀rọ̀. Bí mo ṣe wo ẹ̀rọ náà sàn ni mo fẹ́ ṣàlàyé, lọ́nà tí ẹni tí kò ka físíìsì rárá yóò fi lè bá mi lọ, tí ọ̀dọ́ tó bá sì fẹ́ ṣe é yóò fi rí ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀.

ỌWỌ́ MÉJÌ TÍ Ń BẸ LÁRA ÌLÙ

Gángan jẹ́ ọ̀kan lára ẹbí ìlù dùndún. Igi tí a gbẹ́ inú rẹ̀ ni, àárín rẹ̀ tín-ín-rín, orí rẹ̀ méjèèjì fẹ̀. Awọ bo ojú rẹ̀ méjèèjì, okùn awọ tẹ́ẹ́rẹ́ púpọ̀ ló sì so ojú kan mọ́ èkejì. Onílù á gbé e há abíyá. Bí apá bá fún okùn mọ́ra, awọ á le, ohùn á gòkè. Bí apá bá dẹ̀, awọ á rọ̀, ohùn á sọ̀ kalẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún di kọ̀ǹgọ́ mú, òun ló ń sọ ìgbà tí ohùn yóò dún. Apá òsì ló ń sọ ibi tí ohùn yóò dúró.

Èdè wa kò lè ṣe aláìní iṣẹ́ apá òsì yìí. Ohùn mẹ́ta ni a ní, ìsàlẹ̀, àárín àti òkè, tí àwọn olùkọ́ wa ń pè ní dò, re, mí. Ọkọ kì í ṣe ọkọ́, ọkọ́ kì í sì í ṣe ọkọ̀. Ìlù tí kò bá lè yí ohùn padà lè bá wa jó, kò lè bá wa sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn èyí, ohùn gángan kì í fi gbogbo ìgbà fò láti ìpele kan sí òmíràn bí ẹni ń gun àtẹ̀gùn. Ó lè máa yọ́ gòkè, kó sì máa yọ́ sọ̀ kalẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹnu wa ti ń ṣe. Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Euba, tó kú ní 2020, kọ odindi ìwé lórí ìlù yìí, Yoruba Drumming: The Dùndún Tradition, tó jáde ní 1990. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí iṣẹ́ àwọn Àyàn ti jinlẹ̀ tó, kó wá a kà.

KÍ NI SYNTHESIZER?

Synthesizer ni ẹ̀rọ tó ń fi iná mànàmáná dá ohùn sílẹ̀. Kíbọ́ọ̀dù tí à ń lò ní ṣọ́ọ̀ṣì àti níbi àríyá jẹ́ ìbátan rẹ̀, ṣùgbọ́n inú àpótí kan ṣoṣo ni wọ́n ti gbogbo iṣẹ́ kíbọ́ọ̀dù mọ́. Oríṣi synthesizer kan wà tí wọ́n pín iṣẹ́ rẹ̀ sínú àwọn àpótí kéékèèké, tí Òyìnbó ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní module. Àpótí kan ń mú ohùn jáde, òun la lè fi wé awọ ìlù. Òmíràn ń sẹ́ ohùn náà bí a ti ń sẹ́ ògì, ó ń yọ èyí tó bá ń dún ṣaṣa jù kúrò. Òmíràn ń ṣí ohùn sílẹ̀, ó sì ń pa á dé. Ẹni tó ń lò ó ni yóò fi wáyà so wọ́n pọ̀ bó bá ti wù ú.

Ní 1964, Robert Moog, ọmọ Amẹ́ríkà, bá olórin kan tó ń jẹ́ Herbert Deutsch ṣiṣẹ́, ó sì gbé irú àpótí bẹ́ẹ̀ hàn fún àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ohùn ní New York. Láàárín àkókò yẹn kan náà, Don Buchla ń ṣe tirẹ̀ ní California. Ṣáájú wọn, bọ́tìnnì tí a ń fi ọwọ́ yí ló pọ̀ jù lára ẹ̀rọ ohùn. Bí olórin bá fẹ́ kí nǹkan mẹ́ta yí padà lẹ́ẹ̀kan náà, àfi kó yá ọwọ́ ẹlòmíràn. Ohun tí àwọn méjèèjì yìí ṣe ni pé wọ́n jẹ́ kí fóltì máa ṣe iṣẹ́ ọwọ́. Àpótí kan á fi fóltì ránṣẹ́, àpótí kejì á sì ṣe bí fóltì náà bá ti wí.

Fóltì ni ìwọ̀n agbára tó ń ti iná lọ nínú wáyà, gẹ́gẹ́ bí omi inú táńkì tó wà lókè ti ń ti omi inú páìpù. Bátìrì tọ́ọ̀ṣì kan jẹ́ fóltì kan ààbọ̀. Moog fi ìlànà kan lélẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ṣì ń tẹ̀ lé títí dòní: bí fóltì bá fi ẹyọ kan lé sí i, kí ohùn gòkè ní octave kan. Octave kan ni pé kí iye ìgbà tí ohùn ń gbọ̀n di ìlọ́po méjì. Bí ohùn bá ń gbọ̀n ní ìgbà 110 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, fóltì kan sí i á sọ ọ́ di 220, fóltì kan mìíràn á sọ ọ́ di 440. Dùùrù pín octave kan sí ìpele 12, nítorí náà ìpele kọ̀ọ̀kan jẹ́ nǹkan bí ìdá 83 nínú ẹgbẹ̀rún fóltì kan. Ṣùgbọ́n fóltì fúnra rẹ̀ kò mọ ìpele. Ó lè dúró níbikíbi láàárín ìpele méjì, ó sì lè máa yọ́ lọ bí apá onígángan. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ wa dá lé.

A KÌ Í ṢE ÀJÈJÌ SÍ I

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀dọ̀ Òyìnbó nìkan ni ẹ̀rọ yìí wà. Ní Enugu, William Onyeabor fúnra rẹ̀ ń gbé àwo orin jáde láàárín 1977 àti 1985, synthesizer ló sì kún inú wọn. Nígbà tó yá, ó fi orin ayé sílẹ̀ fún iṣẹ́ Ọlọ́run. Ní 2013, ilé iṣẹ́ Luaka Bop ní Amẹ́ríkà kó lára àwọn orin náà jọ sínú àwo tuntun, àwọn tí kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí sì bẹ̀rẹ̀ sí béèrè irú ẹni tó jẹ́. Ó kú ní 2017. King Sunny Adé pẹ̀lú, nínú àwo Synchro System tó jáde ní 1983, fi synthesizer sí àárín gìtá àti gángan. Mo rántí bí a ti ń gbọ́ ọ ní yàrá wa ní Yunifásítì Ìlọrin, tí ọ̀rẹ́ mi kan ń bínú pé ẹ̀rọ ti wọ inú jùjú. Ní tèmi, ibi tí gángan àti ẹ̀rọ ti ń dá ara wọn lóhùn ni etí mi wà.

Físíìsì ni mo kà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà mo wọ iṣẹ́ ìjọba ní Ìpínlẹ̀ Kwara, nígbà tí wọ́n sì dá Ìpínlẹ̀ Kogí sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ 1991, mo wà lára àwọn tó kó fáìlì wọn wá sí Lọ́kọ́ja. Fáìlì ni iṣẹ́ mi lọ́sàn-án. Lálẹ́, rédíò tó bàjẹ́ ni mo máa ń tú. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, ọmọbìnrin mi tó wà ní Ìlú Ọba fi àpótí synthesizer mélòó kan tí wọ́n ti lò rí ránṣẹ́ sí mi. Ó ní kí n rí nǹkan tú, kí n yé tú ti ìyá òun.

ILẸ̀KÙN TÍ WỌN KÒ LÀ

Ọ̀kan nínú àwọn àpótí náà jẹ́ àpótí ìlù. Ó ní ihò kan tí a fi ń sọ fún un pé kó dún, ó sì ní bọ́tìnnì kan tó ń sọ bí ohùn yóò ti ga tó. Kò ní ihò tí fóltì lè gbà wọlé láti yí gíga ohùn náà padà. Mo gbà pé ẹni tó ṣe é ń ṣọ́ owó, ó sì ń ṣọ́ àyè. Bí mo bá fẹ́ yí ohùn rẹ̀ padà, àfi kí n fi ọwọ́ yí i. Ẹ wo bó ti bá ọ̀rọ̀ Bàbá mu: ọwọ́ ọ̀tún wà, apá òsì kò sí.

Ohun tí kò hàn sí ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé nínú irú àpótí bẹ́ẹ̀, ọ̀nà ti wà nínú lọ́hùn-ún. Wọn kò kàn la ilẹ̀kùn rẹ̀ síta ni. Bọ́tìnnì tí à ń yí náà, fóltì ló ń fi ránṣẹ́ sínú. Bí a bá rí ibi tí fóltì náà ń bọ́ sí, a lè fi tiwa kún un.

Ọ̀NÀ KÌÍNÍ: AKÁPÒ

Bọ́tìnnì yíyí ní ẹsẹ̀ mẹ́ta. Méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ń gba iná, ti àárín ń gbé ìwọ̀n tí a bá yàn jáde. Láti ibẹ̀, iná á gba inú resistor kan, ìyẹn ẹ̀yà kékeré tó ń dí iná lọ́nà kó má bàa pọ̀ jù, á sì dé ẹsẹ̀ kan lára ẹ̀yà tí wọ́n ń pè ní op-amp. Nínú àpótí tèmi, resistor náà jẹ́ 100,000 ohm, op-amp náà sì jẹ́ TL072, tó wọ́pọ̀ gan-an.

Ẹ jẹ́ ká fi op-amp yìí wé akápò ẹgbẹ́. Nígbà tí a bá ń dáwó, olúkúlùkù ń mú tirẹ̀ wá, akápò ń ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, iye àpapọ̀ ló sì ń kéde. Owó tí mo mú wá kì í ti owó ẹlòmíràn jáde. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ẹsẹ̀ op-amp náà. Iná tó bá gba oríṣiríṣi resistor dé ibẹ̀, ó ń ro wọ́n pọ̀ ni. Ọ̀nà tí resistor rẹ̀ bá kéré, ìdáwó rẹ̀ pọ̀. Ọ̀nà tí resistor rẹ̀ bá tóbi, ìdáwó rẹ̀ kéré. Nítorí náà, gbogbo iṣẹ́ tó kù ni pé kí a lu ihò kan sí ojú àpótí, kí a fi ibi tí wáyà yóò ti wọlé sí i, kí a mú iná náà gba inú resistor tuntun lọ sí ẹsẹ̀ akápò, kí a sì fi òjé jó o mọ́ ọn.

Báwo la ó ti mọ ẹsẹ̀ náà? Mítà ni yóò sọ. Ẹ fi wáyà dúdú mítà sí ibi tí àpótí fi ṣe òdo, ẹ fi pupa kan ibi tí ẹ fura sí, kí ẹ sì máa yí bọ́tìnnì. Ní ẹsẹ̀ àárín bọ́tìnnì, nọ́ńbà á máa lọ sókè sódò. Ní ẹsẹ̀ akápò, lẹ́yìn resistor, nọ́ńbà á dúró sí òdo bó ti wù kí ẹ yí i tó, nítorí pé op-amp ń fi gbogbo agbára rẹ̀ di ibẹ̀ mú. Ibẹ̀ ni ibi ìdáwó.

Ọ̀NÀ KEJÌ: FÌTÍLÀ INÚ ÒKÙNKÙN

Kì í ṣe gbogbo bọ́tìnnì ló ń fi fóltì ránṣẹ́. Àwọn mìíràn wà lójú ọ̀nà tí ohùn ń gbà kọjá, tí wọ́n kàn ń ṣe iṣẹ́ resistor tó lè tóbi, tó sì lè kéré. Bọ́tìnnì tó ń sẹ́ ohùn nínú àpótí mi jẹ́ bẹ́ẹ̀. Níbẹ̀, kò sí akápò tí a ó dáwó fún. A nílò resistor tí fóltì lè sọ di ńlá tàbí kékeré.

Ẹ̀yà kan wà tó ń jẹ́ LDR. Nínú òkùnkùn, ìdènà rẹ̀ lè ju mílíọ̀nù ohm lọ. Bí ìmọ́lẹ̀ bá tàn sí i dáadáa, ó lè wálẹ̀ sí ẹgbẹ̀rún díẹ̀ tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀. Irú rẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe iná ìta tó ń tàn fúnra rẹ̀ nírọ̀lẹ́. A ó gbé LED kan, ìyẹn gílóòbù kékeré, dojú kọ ọ́, a ó sì fi rọ́bà dúdú bò wọ́n pọ̀. Fóltì tí a bá fi ránṣẹ́ á tan LED, LDR á rí ìmọ́lẹ̀, ìdènà á dínkù. Iná tó ń pàṣẹ kò fara kan ohùn rárá, ìmọ́lẹ̀ ló ń jíṣẹ́ láàárín wọn.

Ẹ fi resistor 1,000 ohm síwájú LED kó má bàa jó. Bí fóltì 5 bá wọlé, tí LED gba 2 níbẹ̀, 3 ló kù fún resistor, ìdá 3 nínú ẹgbẹ̀rún amp ló sì ń kọjá, èyí tí kò lè pa LED lára. Ẹ fi diode kan sí ẹ̀gbẹ́ LED, kó kọ ẹ̀yìn sí i, kí fóltì òdì lè rí ibi gbà kọjá. LDR fúnra rẹ̀, ẹ so ó mọ́ bọ́tìnnì ní ẹsẹ̀ sí ẹsẹ̀. Bọ́tìnnì ni yóò sọ ìdènà tó pọ̀ jù, fóltì ni yóò máa dín in kù.

Ohun méjì ni kí ẹ mọ̀. Bí ẹ kò bá bò ó dáadáa, oòrùn ọ̀sán ni yóò máa bá yín lu ìlù. Èkejì ni pé LDR kì í yára padà sínú òkùnkùn. Bí ìmọ́lẹ̀ bá kú tán, ìdènà rẹ̀ á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa padà díẹ̀díẹ̀, ohùn á sì máa rọlẹ̀ bí ohùn awọ tí a lù. Fún ẹlòmíràn àléébù ni. Fún ẹni tó ń wá ohùn ìlù, èrè ni, Buchla sì ti lo ìwà yìí nínú ẹ̀rọ tirẹ̀.

ẸSẸ̀ DÍPÒ APÁ

Nígbà tí ilẹ̀kùn ti là, ó ku ohun tí yóò máa fi fóltì wọlé. Ẹsẹ̀ ọ̀tún Bàbá ṣì lágbára. Mo kan pákó méjì pọ̀ pẹ̀lú irin tí a fi ń so ilẹ̀kùn, mo fi sípíríǹgì sáàárín wọn, mo sì so bọ́tìnnì fífà kan mọ́ ọn tó ń gbé fóltì láti òdo dé 5 jáde. Bí ẹsẹ̀ bá tẹ pákó mọ́lẹ̀, fóltì á pọ̀, bí ìgbà tí apá bá fún okùn mọ́ra. Fún ọwọ́ ọ̀tún, mo yọ abala irin pẹlẹbẹ tó ń ké nínú ohun ìṣeré ọmọdé, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ rọ́bà tó nípọn. Bí a bá lu rọ́bà náà, irin yẹn á mú fóltì díẹ̀ jáde tó ń sọ fún àpótí pé kó dún.

Mo gbé e lọ bá wọn. Wọ́n jókòó, wọ́n mú kọ̀ǹgọ́ wọn, wọ́n lù ú, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́. Ohùn fò láti ìsàlẹ̀ kanlẹ̀ dé òkè téńté bí ẹyẹ tí wọ́n sọ òkò lù. Bàbá ní, “Àbúrò, ó ń kígbe. Mo ní kó sọ̀rọ̀.”

Ẹjọ́ mi ni. Resistor 100,000 ohm ni mo fi sí ọ̀nà tuntun náà, gẹ́gẹ́ bí ti bọ́tìnnì, nítorí náà fóltì 5 di octave 5. Ẹnu ènìyàn kì í rin irú ìrìn bẹ́ẹ̀ nínú ọ̀rọ̀. Mo padà sílé, mo yọ ọ́, mo fi 470,000 ohm rọ́pò rẹ̀. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: 5 ní ìlọ́po 100, kí a pín in sí 470, ó jẹ́ 1 àti díẹ̀. Gbogbo ìtẹ̀ ẹsẹ̀ wá di octave kan àti díẹ̀ péré. Resistor kan ṣoṣo, tí owó rẹ̀ kò tó ti píọ́wọ́tà, ló wà láàárín igbe àti ọ̀rọ̀.

OORU LỌ́KỌ́JA

Ìṣòro kan tún kù tí àwọn tó ń gbé nílùú tútù kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ̀. Láti jẹ́ kí fóltì kan di ìlọ́po méjì ohùn, àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ yìí ń lo ìwà àbínibí transistor: bí fóltì rẹ̀ bá fi díẹ̀ pọ̀ sí i, iná inú rẹ̀ ń di ìlọ́po. Ṣùgbọ́n ooru ń ṣe transistor bó ti ń ṣe wá. Ìwọ̀n Celsius kan tó bá gbóná sí i ń dín agbára fóltì náà kù ní nǹkan bí ìdá kan nínú 300. Ẹ mú un pé a tún ohùn ṣe láàárọ̀ ní ìwọ̀n 25, tí ọ̀sán oṣù kẹta wá dé ìwọ̀n 38 ní ìlú wa yìí. Ìwọ̀n 13 ni ìyàtọ̀. Octave kan á fi bí ìdajì ìpele dùùrù kan dín, etí á sì mọ̀ ọ́n.

Ìwòsàn rẹ̀ ni resistor kan tí ooru ń mú tóbi ní ìwọ̀n kan náà, tí a lẹ̀ mọ́ ara transistor kí ooru kan náà lè máa ṣe àwọn méjèèjì. Nígbà tí mo ṣàlàyé èyí fún Bàbá, wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí ni mo rò pé àwọn ń ṣe nígbà tí àwọn bá gbé ìlù sáàrùn lákòókò òjò kí awọ lè le? Wọ́n ní kò sí ìlù tí kì í mọ ojú ọjọ́.

ÌKÌLỌ̀ FÚN Ẹ̀YIN Ọ̀DỌ́

Mi ò ní fi àṣìṣe mi pamọ́. Wáyà pẹlẹbẹ tó ń gbé iná wọ irú àpótí yìí ní ìlà pupa kan lẹ́gbẹ̀ẹ́. Nínú èyí tó wọ́pọ̀ jù, ìlà pupa náà ni ẹ̀gbẹ́ òdì fóltì 12. Ní alẹ́ ọjọ́ kan mo ń kánjú, mo fi í sódì. Èéfín rú, TL072 sì kú. Mo rí òmíràn yọ lára ẹ̀rọ gbohùngbohùn àtijọ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ méjì ni mo fi wá ohun tí ìṣẹ́jú àáyá kan bà jẹ́. Nítorí náà:

Ẹ má ṣe tú ohunkóhun tó wà lẹ́nu iná ilé tàbí ti jẹnẹrétọ̀. Bí ẹ bá yọ ọ́ pàápàá, iná lè ṣì wà nípamọ́ nínú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ẹ fi bátìrì fóltì 9 méjì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ yín.

Ẹ ya fọ́tò inú àpótí kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Ẹ fi mítà wọ̀n ọ́n kí ẹ tó fi òjé jó o.

Ẹ má gé ohun tí ẹ kò lè dá padà. Àtúnṣe tó dára ni èyí tí a lè yọ kúrò, kí ẹ̀rọ sì padà sí bó ti wà.

Bí ó bá jẹ́ ẹ̀rọ ẹlòmíràn ni, ẹ kọ́kọ́ gba àyè lọ́wọ́ rẹ̀.

OHUN TÍ BÀBÁ SỌ

Nígbà tí mo gbé e padà lọ ní ìgbà kejì, Bàbá kò yára. Wọ́n kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ wá dò, wọ́n wá re, wọ́n wá mí, bí ẹni tó ń wá ilẹ̀kùn nínú òkùnkùn. Lẹ́yìn náà wọ́n lu oríkì ọmọ-ọmọ wọn ọkùnrin látòkèdélẹ̀. Ọmọ náà wà lẹ́yìn ilé, kò mọ ohun tí à ń ṣe. A kàn gbọ́ ohùn rẹ̀ ni: “Bàbá, mo ń bọ̀!”

A dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ìyàwó wọn ló kọ́kọ́ fi etí aṣọ nu ojú.

Mo béèrè bí wọ́n ti rí i. Bàbá ní kì í ṣe gángan. Wọ́n ní kò ní awọ, kò sì ní igi tó ń gbé ohùn lọ sí òkèèrè. Wọ́n ní, “Ṣùgbọ́n ó gbọ́ ohun tí mo wí, ó sì jẹ́ ẹ fún ọmọ.” Wọ́n wá ní kí ọmọ náà sọ gángan kalẹ̀ lára ògiri.

Láti ìgbà náà, lọ́jọ́ Sátidé, Bàbá á jókòó ti ẹ̀rọ, ọmọ á gbé gángan há abíyá. Bàbá á fi ẹsẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ kan, ọmọ á fi apá wá a. Bí ó bá ṣìṣe, Bàbá á tún un sọ. Ohun tí mo rò pé mo ń ṣe kí àgbà kan lè tún lu ìlù ti di ohun tí ọmọ kan fi ń kọ́ èdè ìlù lọ́dọ̀ ẹni tí apá rẹ̀ kò lè fi hàn án mọ́. Bí ọmọ náà bá ti mọ̀ ọ́n tán, ẹ̀rọ lè padà sórí tábìlì mi. Inú mi yóò dùn bó bá padà.

Ẹ̀yin òbí, bí ẹ bá rí ọmọ yín tó ń tú rédíò, ẹ má kàn nà án. Ẹ ra mítà fún un, kí ẹ sì jókòó tì í. Àpótí tí mo ń sọ yìí yóò wà lórí tábìlì lẹ́yìn gbọ̀ngàn lónìí, tòun ti pákó àfẹsẹ̀tẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn ìdánilẹ́kọ̀ọ́, kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ wá tẹ̀ ẹ́ wò. Ọmọ-ọmọ Bàbá ni yóò máa fi hàn yín, ó ti mọ̀ ọ́n jù mí lọ.

Ọlọ́run yóò dá ẹ̀mí gbogbo wa sí. Ìlù wa kò ní já, ohùn wa kò ní parun.